Kí ni ti bàbá, kí ni ti ẹbí? Ogún, kóòtù àti ilẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí

Ẹ fara balẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yìí gùn. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí ogún ṣe ń há sí kóòtù l'Ékòó, láti ayé òyìnbó títí dé orí ilẹ̀ Lẹ́kkí Free Zone. Mo tún fẹ́ sọ ohun tí alábòójútó ogún, ẹni tí àwọn lọ́yà ń pè ní executor, lè ṣe kí iṣẹ́ náà má baà dúró sójú kan. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìhágún ẹnìkan, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i.

Ní 1940, bàbá kan kú l'Ékòó, Suberu Dawodu lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Kò ṣe ìwé ìhágún. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: báwo la ó ṣe pín in? Àwọn kan ní ìdí igi ni, ìyẹn ni pé kí wọ́n pín ogún sí ọ̀nà mẹ́rin, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Àwọn kan ní rárá, orí-ò-jorí ni, ọ̀nà mẹ́sàn-án, ọmọ kan ìpín kan.

Ẹ wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni ìyá rẹ bí nílé olórogún mẹ́rin, ìdí igi á gbé ìdámẹ́rin gbogbo ogún lé ọ lọ́wọ́. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin nínú ìyá kan, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ó jọ fa ìdámẹ́rin yẹn ya. Ṣé ẹ ti rí ibi tí ìjà ti máa bẹ̀rẹ̀?

Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìdí igi kò bá ẹ̀tọ́ mu, pé kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Ẹjọ́ gòkè. Ní 1958, Federal Supreme Court yí i padà. Wọ́n ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá, ó sì ṣì wà láàyè, àmọ́ bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lágbára láti sọ pé orí-ò-jorí ló máa dára jù fún wọn. Wọ́n tún gbé e kọjá òkun lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn yẹn fọwọ́ sí i ní 1962, wọ́n ní a kò lè fi òṣùwọ̀n ilé oníyàwó kan dá ilé olórogún lẹ́jọ́.

1940 sí 1962. Ọdún 22. Ọmọ tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá kú á ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí òyìnbó tó sọ bí wọ́n ṣe máa pín in.

Orúkọ yẹn ńkọ́? L'Ékòó, dáwódù náà la tún ń pe àrẹ̀mọ tó di olórí ilé lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Tí ẹ bá ń ka ìwé ẹjọ́ àtijọ́, ẹ máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde: nígbà mìíràn orúkọ ni, nígbà mìíràn ipò ni.

Ẹ jẹ́ ká tún fà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ní 1898, kóòtù Èkó gbọ́ ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀, Cole àti Cole. Ọkùnrin kan gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sierra Leone, ó wá kú l'Ékòó láìṣe ìwé ìhágún. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọkùnrin kan tí orí rẹ̀ kò pé. Arákùnrin olóògbé jáde pé àṣà ilẹ̀ wa ló gbé ogún fún òun. Kóòtù ní ó tì. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gbéyàwó nílànà Kristẹni, tó sì ń gbé irú ayé tó bá a mu, òfin ogún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló máa tẹ̀ lé e. Ìyàwó àti ọmọ ló ni ín. Ẹ rò ó wò bó ṣe máa rí létí àwọn àgbà Èkó nígbà náà!

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1908, ẹjọ́ Lewis àti Bankole dé. Ilé Olóyè Mábìínúorí ni wọ́n ń jà lé lórí. Bàbá náà ti kú láti 1874 o, ogún ọdún àti mẹ́rìnlá kó tó di pé kóòtù sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ òfin ilẹ̀ ẹbí títí dòní: ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún kì í ṣe ti ọmọ kankan. Ti gbogbo wọn ni. Àgbà nínú wọn ló máa jókòó sórí rẹ̀ bí olórí ẹbí, obìnrin náà sì lè dé ipò yẹn tó bá kàn án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a tà. Ọmọ ẹbí tó bá tà á láìsọ fún olórí ẹbí, òfo ló tà.

Mo ń sọ gbogbo èyí nítorí pé àwọn èèyàn máa ń rò pé kóòtù ló ń fa ogún falẹ̀. Kóòtù ń fa ọwọ́ lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ẹjọ́ yìí. Nínú gbogbo wọn, ohun tó há ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yanjú nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀: òfin wo ló kan olóògbé, kí ni tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ni ti ẹbí tó kàn ń lò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló burú jù. Ibẹ̀ náà ni Lẹ́kkí ti wọlé.

Kí a tó dé Lẹ́kkí, ẹ jẹ́ ká ya Àpápá. Ní 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Amódù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú tó péye. Ìjọba ní kò sí ohun tó jọ ọ́, pé owó orí ilẹ̀ lásán ni Olóyè ń gbà, kì í ṣe olówó ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé Privy Council. Herbert Macaulay tẹ̀ lé Olóyè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ìdájọ́ sì dé ní 1921: ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, owó gbà-má-bínú sì gbọ́dọ̀ pé. Àwọn èèyàn máa ń rántí ayọ̀ ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n máa ń gbàgbé apá kejì ìdájọ́ náà: Olóyè ń gba owó yẹn fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe owó àpò.

Ó dáa, ẹ bá mi ká lọ.

Lẹ́kkí tí mò ń sọ yìí, ìyẹn ìlú Lẹ́kkí gan-an ní Ìbẹ́jú, kì í ṣe Phase 1, jìnnà nígbà kan débi pé ibẹ̀ ni ìjọba fi Awólọ́wọ̀ sí ní 1962, nígbà tí wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún kan náà tí Privy Council dá ẹjọ́ Dawodu. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kí aráyé gbàgbé ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Apẹja ni àwọn ará ibẹ̀, àgbẹ̀ gbágùúdá, olóko àgbọn. Ta ló máa jà lórí ìwé ilẹ̀ nígbà yẹn? Bàbá kú, ọmọ ń pa àgbọn lọ níbi tí bàbá ti ń pa á.

Nígbà tó di 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé iṣẹ́ láti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ Lẹ́kkí Free Zone. Gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un tó nǹkan bí 16,500 hẹ́kítà. Ní 2007 wọ́n bá àwọn abúlé tọ́rọ̀ kàn ṣe ìwé àdéhùn. Èbúté ńlá ṣí ní oṣù kìíní 2023, ilé ìfọpo Dangote tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún ọdún náà, èyí tí wọ́n kọ́ láti fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́. Láàárín méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀: ní oṣù kẹwàá 2015, wọ́n pa ọ̀gá Free Zone náà, Tajudeen Disu, níbi ìfẹ̀hónúhàn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn ṣeré.

Ilẹ̀ tí kò níye lórí lánàá wá di ohun tí ọmọ ìyá fi ń fa ọmọ ìyá lọ sí tésàn. Àwọn tó ni orúkọ lórí ilẹ̀ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ta ló máa buwọ́ lùwé?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Diaspora, ẹ sún mọ́ mi níbí, torí pé ẹ̀yin lẹ máa ń pè wá láàárọ̀ kùtù. Òfin Land Use Act ti 1978 ló ń darí owó gbà-má-bínú. Òfin náà kò sanwó ilẹ̀ lásán bí a ṣe rò. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀: ilé, irè oko, iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe síbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé àwùjọ ló ni ín, gómìnà lè ní kí wọ́n sanwó náà fún àwùjọ fúnra rẹ̀, tàbí fún olórí wọn kó lò ó fún wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, tàbí sínú àpò owó kan fún àǹfààní wọn. Abala 29 nìyẹn, ẹ lọ kà á.

Ẹ rí i báyìí? Igi àgbọn tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, yàrá méjì tó kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí, owó ìyẹn lè jẹ́ tirẹ̀, ó sì lè bọ́ sínú ogún rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí. Nítorí náà bàbá tó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé "mo fún ọmọ mi kejì ní ilẹ̀ mi tó wà lábúlé", afẹ́fẹ́ ló fún un. Èèyàn kò lè há ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Gbólóhùn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ti tó láti fi ogún sí kóòtù fún ogún ọdún.

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Dádì Ajah ló ṣe irú ẹ̀ gan-an. Dádì Ajah ni ẹ̀gbọ́n màmá mi, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ọ̀rẹ́ wọn kú, wọ́n gbọ́ ìwé ìhágún ní Probate Registry, gbólóhùn yẹn ni. Òun àti obìnrin kan ni wọ́n yàn láti bójú tó o. Mo tẹ̀ lé wọn káàkiri torí pé èmi ni mo mọ fóònù lò, nítorí náà ohun tí mo rí ni mò ń sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, wọn kò tíì lọ bá lọ́yà rárá. Wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀ oní 80 ewé, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá kan: ti bàbá. Apá kejì: ti ẹbí. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n kó gbogbo ọmọ jọ, wọ́n ń bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé Ajah, orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì àti sọ́fè? Ti bàbá. Owó kọ́párétíìfù? Ti bàbá. Ọkọ̀? Ti bàbá, ṣùgbọ́n gbèsè mẹkáníìkì wà lórí rẹ̀. Wọ́n kọ gbèsè sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Ilẹ̀ abúlé? Ilé dákẹ́.

Wọn kò fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà wọ́n gba abúlé lọ bá olórí ẹbí, wọ́n gbé obì àti ọtí dání, kì í ṣe sámọ́ǹsì. Bàbá àgbà náà ti gbaradì fún ìjà, ó ti kó ọmọkùnrin mẹ́ta jókòó. Dádì Ajah dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, a kò wá gba ilẹ̀. A wá bèèrè èyí tó jẹ́ ti ọmọ yín tó kú." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fẹnu kò: owó ilé àti ti irè oko jẹ́ ti ogún, ọmọ kejì ló máa gbà á. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, àwọn ọmọ olóògbé á sì máa jókòó nínú ìpàdé ẹbí nígbàkígbà tí owó ilẹ̀ bá dé. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn buwọ́ lù ú, ẹni tí kò mọ̀wé tẹ àtàǹpàkò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìrìn àjò yẹn fi ṣe pàtàkì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan í wí lè kọ ìwé ìdádúró, caveat, sí Probate Registry, oṣù mẹ́ta ló sì máa fi dè yín, ó tún lè sọ ọ́ dọ̀tun. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wá le, ó di ẹjọ́. Ẹni tó máa ń kọ ìwé yẹn kì í sábà jẹ́ olè. Ẹni tí wọn kò bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo rí, mi ò ní fà á gùn. Báǹkì kan ní kí àwọn ọmọ mú "next of kin" wá, gbogbo wọn wá wojú àǹtí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù bíi pé ó ti jogún. Rárá o! Orúkọ inú fọ́ọ̀mù báǹkì ni ẹni tí wọ́n máa pè, kì í ṣe ẹni tó ni owó. Ìwé àṣẹ láti kóòtù ni báǹkì gbọ́dọ̀ rí. Lójú òfin, agbára alábòójútó tí olóògbé yàn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ikú, torí inú ìwé ìhágún ló ti wá. Ti ẹni tí kóòtù yàn, níbi tí kò bá sí ìwé ìhágún, kò bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi fún un ní Letters of Administration, ó sì máa wá onídùúró. Àmọ́ kí ìwé àṣẹ tó jáde, ẹ̀yin ẹ lọ sọ ti agbára yẹn níwájú akáǹtì báǹkì, ẹ wá sọ ohun tí ó wí fún mi.

Ọ̀rọ̀ owó ilé náà wà níbẹ̀. Ọmọ àkọ́bí ti fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé Ajah, ó ní kí ilé má baà dá wà. Dádì Ajah dá a dúró jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan dúkìá òkú láìgbàṣẹ, òfin máa bi í léèrè gbogbo kọ́bọ̀ bíi pé òun ni alábòójútó. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn ayálégbé pé kí wọ́n mú owó dání díẹ̀. Àwọn kan inú wọn dùn jù, àwa mọ ìdí.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló fẹ́ da ilé rú. Owó ìsìnkú tó mọ níwọ̀n àti gbèsè ló kọ́kọ́ ń jáde nínú ogún, kó tó kan ẹnikẹ́ni. Alábòójútó tó bá pín ogún kó tó san gbèsè, àpò tirẹ̀ ni olówó máa wá. Àwọn ọmọ fẹ́ kí ogún sanwó òṣèré. Dádì Ajah ní òṣèré kì í ṣe gbèsè bàbá. Wọ́n bínú fún oṣù kan.

Ẹ̀dà ìwé náà ṣe kókó. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹwàá 2020, iná jó kóòtù gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ̀, fáìlì ẹjọ́ tí kò níye sì bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, ìwé kankan kò kúrò lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé mo ti yà á mẹ́ta. Ọ̀kan lọ́dọ̀ Dádì, ọ̀kan lọ́dọ̀ lọ́yà, ọ̀kan lórí fóònù mi. Ní Ìbẹ́jú, ẹ tún lọ wádìí bóyá ilẹ̀ náà wà nínú gásẹ́ẹ̀tì abúlé tàbí ó ṣì wà lábẹ́ ìjọba, kí ẹ tó kọ iye rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ dúkìá. Iye tí ẹ bá kọ ni wọ́n máa fi ṣírò owó tí ẹ máa san fún ìjọba. Mo rí ẹbí tó kọ iye ilé iṣẹ́ epo fún oko ẹ̀gẹ́.

Òfin kò fipá mú alábòójútó láti pín ogún kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ikú. Inú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti bá a. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀, wọ́n á máa sọ pé "wọ́n ti jẹ owó bàbá wa". Ohun tí Dádì Ajah ṣe sí ìyẹn rọrùn: gbogbo ìparí oṣù, wọ́n ń ka ìwé àkọsílẹ̀ náà sókè lórí WhatsApp ẹbí, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ torí pé ojú àwọn ìyá kò ríran mọ́. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tí a ń retí. Oṣù tí kò sí nǹkan kan, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan.

Ìwé àṣẹ ti jáde. Gbèsè mẹkáníìkì ti tán. Lọ́yà ti kọ ìwé tí wọ́n máa fi gbé ilé Ajah bọ́ sórúkọ àwọn ọmọ, assent ni wọ́n ń pè é, àwọn alábòójútó méjèèjì sì ti buwọ́ lù ú. Ìṣírò ìkẹyìn ló kù, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú pé òun ti rí i. Mẹ́rin ti ṣe é. Ìkarùn-ún wà ní Cotonou, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n fi bírò pupa yẹn dúró de òun.